Asẹ́ Mẹ́ta Tí Mo Yọ Lẹ́nu Táàpù

                                                            Ilé Kẹsàn-án,
                                                            Ọ̀nà Ẹ̀yìn Pápá,
                                                            Ọjọ́ Àbámẹ́ta,
                                                            ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ọ̀gá yín tó ń kọ́ ẹ níṣẹ́ aṣọ rírán ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti ń lọ sílẹ̀? Àwọn tí ẹ jọ ń kọ́ṣẹ́ ńkọ́, pàápàá èyí tó máa ń hanrun nídìí ẹ̀rọ tí o ní ojú oorun ló ti ń rán ṣòkòtò? Ìyá àgbà tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́? Mo kí gbogbo yín. Mo kí ẹ kú iṣẹ́, mo kí ẹ kú àìrí ara ẹni. Bí mo ṣe ń kí ẹ ní àkígbà yìí, o lè rò pé ìfẹ́ ló ń pa mí. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ mò ń sá fún ohun tí mo fẹ́ sọ ni. Bébà mẹ́rin ni mo ti fà ya láti ọjọ́ Ajé. Oúnjẹ àárọ̀ mi ṣì wà lórí tábìlì, ó ti tutù.

Jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ kí n tó tún fa èyí náà ya. Bàbá ẹ kì í ṣe olè. Kò ṣe màgòmágó kankan nílé wa. Ohun tí mo kọ sí ẹ níjọ́sí, pé ó fi táàpù gbàrọgùdù pààrọ̀ ojúlówó tí a rà, irọ́ ni. Èmi ni mo ba táàpù náà jẹ́. Mo sì mọ̀ pé èmi ni nígbà tí mò ń kọ ọ́.

Tó o bá fẹ́ ju lẹ́tà yìí sínú iná báyìí, mi ò ní bá ẹ jà. Àmọ́ jọ̀ọ́, kà á tán ná. Torí ti bàbá ẹ ni, kì í ṣe torí tèmi.

O rántí bí ilé ìwẹ̀ wa ṣe rí tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú táàpù tó ń kán tó, tó, tó tọ̀sán-tòru, tí ìwọ máa ń sọ pé ó ń ka iye ọjọ́ tó kù fún wa láyé. O rántí pákó orí káńtà ilé ìdáná wa náà, bó ṣe wú bí búrẹ́dì tó já sínú tíì. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ pé Màmá Àgbà, ìyá tó bí i, fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, ó ní òun ò lè jẹ́ kí ìyá òun máa fi korobá wẹ̀ ní ọjọ́ ogbó ẹ̀. O sì mọ bí omi àdúgbò wa ṣe rí: ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì nìkan ni wọ́n ń tú u sílẹ̀. Ohun tó bá wọ inú táǹkì lọ́jọ́ méjèèjì yẹn la máa lò. Bàbá mi pe bàbá ẹ pé kó wá tún ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná ṣe. Ó ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí òun ráyè lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó ń ṣe tà ò sì jẹ́ kí màmá mi ráyè, nítorí náà kí èmi bá bàbá ẹ lọ yan nǹkan. Ẹni tó bá ń jókòó sílé ló ń yan táàpù.

Inú mi dùn, mi ò lè purọ́ fún ẹ. Láti ìgbà tí mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì ní kíláàsì kẹta, tí wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni fa nǹkan lé mi lọ́wọ́ tó ju ìgbálẹ̀ lọ.

Bàbá ẹ ò yan nǹkan kan fún mi. O ṣáà mọ̀ ọ́n, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. A dé ṣọ́ọ̀bù, ó mú táàpù méjì, ó fi ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún mi, ó fi ìkejì sí tòsì. Ọ̀kan ń dán bí eyín arẹwà, ìkejì kàn jókòó jẹ́jẹ́ ní tiẹ̀.

“Èwo ló wúwo?”

Mo ní èyí tí ò dán ni.

“Idẹ ni gbogbo inú ìyẹn. Èyí tó ń dán yẹn, ike ni, wọ́n kàn wọ ẹ̀wù fàdákà fún un. Tó bá fi máa pé ọdún kan, á ti máa da omi lójú.”

Ó ní kí n ṣí i, kí n tì í, kí n ṣí i, kí n tì í, kí n gbé etí sí i bóyá ó ń ha. Ẹni tó ń tajà ní, “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ra táàpù ni àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó?” Bàbá ẹ ní, “Ìyàwó lè kọ èèyàn. Táàpù tí ò ní kọ̀ mí ni mò ń wá.” Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí, iye lítà omi tí táàpù kọ̀ọ̀kan ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan.  O mọ̀ pé èmi àti ìwé kíkà ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Mo kà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta lára ìrẹsì. Ọ̀kan ní méjìlá, ìkejì ní márùn-ún. Bàbá ẹ dúró. Kò yára, kò gbà á lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo kà á tán, ó ní, “O ṣeun. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́ láìsí awò ojú.” Adúmáadán, awò ẹ̀ wà lápò àyà ẹ̀. Mo rí i.

Mo bi í pé márùn-ún ò ha kéré jù? Ló bá fi ìka yí ẹnu táàpù náà, ó tú u, ó yọ nǹkan kékeré kan jáde tí ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin. Asẹ́ ló pè é. Ó ní òun ló ń po afẹ́fẹ́ mọ́ omi. “Ọwọ́ ẹ á rò pé omi pọ̀. Táǹkì yín á sì mọ̀ pé kò pọ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi débi pé mo kọ ọ́ sínú ìwé mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣáwà tí a mú náà ní irú asẹ́ bẹ́ẹ̀. Àga ìgbọ̀nsẹ̀ tí a mú ní bọ́tìnnì méjì, kékeré fún ìtọ̀, ńlá fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Màmá Àgbà dé, ó ní òun ò tíì rí ilé tí wọ́n ti ń bi èèyàn léèrè irú ohun tó wá ṣe.

Ti òkúta orí káńtà ló yẹ kó o rí. Màmá mi fẹ́ funfun, torí ó ní ìyẹ̀fun ò ní hàn lórí ẹ̀. Bàbá ẹ ò bá a jiyàn. Ó bẹ àwọn agbẹ́kùúta ní àfọ́kù mẹ́ta, mábù funfun, gíránáìtì dúdú, àti pákó tí wọ́n lẹ àwòrán òkúta mọ́ lórí. Èmi ni mo rù wọ́n délé. Ó ní kí n fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí n da òróró sí i, kí n fi ọ̀bẹ fa ilà sára ẹ̀, kí n gbé ìkòkò gbígbóná lé e, kí n wá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ilẹ̀ mọ́, pákó ti wú kókó. Mábù funfun, ibi tí ọsàn wẹ́wẹ́ kàn ti jẹ, ó rí háráhárá. Dúdú ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí òun. Mo mú ọwọ́ màmá mi, mo ní, “Ẹ fọwọ́ pa á.” Ó fọwọ́ pa á, ó wò mí, ó ní, “Dúdú náà ni ká mú.” Èmi ni mo yí màmá mi lọ́kàn padà. Èmi!

Bí wọ́n ṣe ṣe gbogbo ẹ̀ tán, omi tí wọ́n tú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ń dé ọjọ́ Ẹtì, ó tún ń ṣẹ́kù. Àwọn aládùúgbò ń wá wò ó. Bàbá mi ń pè mí ní Ẹnjiníà. Ó pè mí bẹ́ẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìgbà náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá kí wa, ẹ̀gbọ́n tí gbogbo wa ń pè ní Yunifásítì. O mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń tún ọ̀rọ̀ sọ fún èèyàn bí ẹni pé etí èèyàn ò gbọ́. Ó wọlé lọ wẹ̀, ó jáde, ó ń nu irun.

“Kí ló ń ṣe ṣáwà yín? Ó ń rẹ̀ ẹ́ ni? Ilé àwọn ọ̀rẹ́ mi, omi wọn máa ń ya lulẹ̀ gbàà. Tiyín ń ṣe sín-ín-sín-ín bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn. Ta ló yàn án fún yín?”

Màmá mi fi inú dídùn nawọ́ sí mi.

Yunifásítì wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Áà, ìwọ ni? Kò burú. O gbìyànjú.”

O lè rò pé kí ló wà nínú ìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ wa kọ sísàlẹ̀ èsì ìdánwò mi nígbà méjèèjì tí mo fìdí rẹmi. O gbìyànjú. Mo mọ ohun tó yẹ kí n dá a lóhùn. Mo mọ asẹ́, mo mọ lítà márùn-ún, mo mọ táǹkì. Ó lọ sí yunifásítì, àmọ́ kò mọ èyí tí mo mọ̀.  Síbẹ̀ mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Màá tún un ṣe.”

Ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo wọn jáde, mo gbé àpótí, mo gun un, mo fi sípánà tú ẹnu ṣáwà. Mo yọ asẹ́ ẹ̀. Mo yọ ti táàpù ibi ìfọwọ́, mo yọ ti ilé ìdáná. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo dà wọ́n sínú agolo ìpara tó ti tán. Ni omi bá ń ya gbàà. Nígbà tí Yunifásítì wẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó jáde ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n! Omi nìyí!” Inú mi dùn. Ọjọ́ kẹfà ló lọ, ó sì yẹ kí n dá wọn padà lọ́jọ́ náà. Mi ò dá wọn padà. Lákọ̀ọ́kọ́ mo ní ó di ọ̀la. Lẹ́yìn náà mo gbàgbé. Rárá, mi ò gbàgbé, máà jẹ́ kí n tún bẹ̀rẹ̀ irọ́ nínú lẹ́tà tí mo fi ń jẹ́wọ́ irọ́. Ariwo omi náà ló dùn mọ́ mi. Ó ń ṣe mí bíi pé ilé wa ti dà bí ilé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá Àgbà wọ ilé ìwẹ̀ láàárọ̀. Ó fi ọṣẹ para látòkè délẹ̀, ojú ẹ̀ pẹ̀lú. Omi dá. Táǹkì ti gbẹ táútáú. Ó pè, pè, pè. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń sá aṣọ, mi ò gbọ́. Ó fi ojú dídì táràrà jáde, ẹsẹ̀ ẹ̀ tí ọṣẹ wà lára ẹ̀ yọ̀, ó gbé ọwọ́ lélẹ̀ kó má baà fi orí lélẹ̀. Ọrùn ọwọ́ òsì ẹ̀ ló kán. Ohùn tó fi pariwo, mi ò fẹ́ kọ ọ́ síbí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni bàbá mi ránṣẹ́ pe bàbá ẹ. Àwọn aládùúgbò méjì tó wá kí wa kú ewu wà níjòókòó. Bàbá ẹ wọlé, ó kí gbogbo ènìyàn, ó kí Màmá Àgbà pẹ̀sẹ̀, ó lọ sí ilé ìwẹ̀ tààrà. Èmi ni mo bá a gbé korobá. Ó tú ẹnu táàpù. Ó ti ìka kékeré bọ̀ ọ́. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀.  Ó wá gbójú sókè, ó wò mí.

Ó mọ̀. Nínú gbogbo ilé yẹn, èmi nìkan ló fi asẹ́ hàn.

Bàbá mi ti dé ẹnu ọ̀nà. “Kí lo rí?”

Bàbá ẹ ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá. Nǹkan kan ti kúrò níbẹ̀. Màá fi òmíràn sí i lọ́la.”

“Nǹkan kan kúrò níbẹ̀! Ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ ni? Ìwọ lo yọ ọ́! Ojúlówó lo fi han ọmọ mi ní ṣọ́ọ̀bù, o wá fi gbàrọgùdù sílé mi. Olè ni ẹ́! Ìyá mi ì bá kú!”

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, “ẹ” ni bàbá mi ń fi bá bàbá ẹ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ “ìwọ” láàárín wọn. Bàbá ẹ ń wò mí síbẹ̀. Kì í ṣe pé ó wò mí tìbínútìbínú. Ó ń dúró de nǹkan. Korobá wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ ò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: èmi ni, sà. Mo wo inú korobá. Nígbà tó ṣe, ó di àpò irinṣẹ́ ẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìtọ́jú ìyá,” ó lọ.

Ọjọ́ kejì ó padà wá pẹ̀lú asẹ́ tuntun mẹ́ta, ó fi wọ́n sí i. Bó ṣe ń kọjá lára mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, “O kú iṣẹ́ ilé, ọmọ mi.”  Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé bàbá mi ni alága àwọn onílé àdúgbò? Ó ti lọ sọ ọ́ nípàdé. Onílé mẹ́ta ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá ẹ lọ́sẹ̀ yẹn, títí kan onílé alájà méjì tó fẹ́ kó ṣe ilé ìwẹ̀ mẹ́jọ.

Ìgbà náà ni mo wá kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí ẹ. Mo ti ń bi ara mi léèrè ìdí tí mo fi kọ ọ́. Ó jọ pé irọ́ náà wúwo fún èmi nìkan, mo fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi gbà á gbọ́, bóyá á wá di òótọ́. Mo tún fi ẹ̀sìn bò ó, mo ní a ò bínú, a ti fi ọ̀rọ̀ bàbá ẹ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọwọ́ mi yìí ló kọ bẹ́ẹ̀. Mo ń wò ó báyìí bí ọwọ́ ẹlòmíràn.

O fèsì. Ìlà mẹ́rin péré. O ní ò ń tọrọ àforíjì lórúkọ bàbá ẹ. O ní ojú ń tì ẹ́ láti jẹ́ ọmọ ẹ̀, o ò sì ní gbé ìpè ẹ̀ mọ́ títí yóò fi wá bẹ̀ wá. O wá di bùbá kan mọ́ ọn fún Màmá Àgbà, bùbá tí o fi ọwọ́ ara ẹ rán, tí apá òsì ẹ̀ fẹ̀ bí àpò, tí o fi bọ́tìnnì sí látòkè délẹ̀ kí báńdéèjì lè kọjá.

Mo fi í pamọ́ sábẹ́ ibùsùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ Ajé ni màmá mi ń gbálẹ̀, ó rí i. Wọ́n wọ̀ ọ́ fún Màmá Àgbà nídìí oúnjẹ àárọ̀. Ó bá a mu wẹ́kú. Ó ń fọwọ́ pa bọ́tìnnì yẹn níkọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá ní, “Ẹ wo ọmọ olè tó níwà bí èyí. Olúwa ò ní jẹ́ kó jọ bàbá ẹ̀.”

Bàbá mi ní, “Àmín.”

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, “Ẹ má ṣe àmín sí i. Kó jọ bàbá ẹ̀. Èmi ni mo yọ asẹ́.” Mo sáré lọ gbé agolo ìpara, mo dà á sórí òkúta dúdú níwájú màmá mi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń yí lórí ẹ̀. Màmá mi ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Kò dáwọ́ dúró, ó kàn ń pò ó lọ, omi sì ń dà lójú ẹ̀ sínú ìyẹ̀fun. Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì. Mo rò pé inú ló ń bí i. Ó ní òun ò lè wọ aṣọ ọmọ ẹni tí òun ti bú tó báyìí, àfi tí òun bá kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́.

Mo ń retí kí bàbá mi nà mí. Ì bá sàn. Ó wo àwọn asẹ́ náà pẹ́, ó ní, “Wọ bàtà ẹ.”

A fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ, kò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́nà. Bá a ṣe dé ibẹ̀, bàbá mi ṣí fìlà. O mọ fìlà yẹn, kì í ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mo ṣẹ̀ yín.” Ó ti padà sí “ẹ”. Èmi ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín páìpù, mi ò lè gbójú sókè.

Bàbá ẹ ní kí bàbá mi má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Bàbá mi bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, nígbà tó ti mọ̀. Ó ní, “Inú yín ru lọ́jọ́ náà, ọ̀gá. Ẹ lè ṣe ọmọ yẹn léṣe. Mo ní á fúnra ẹ̀ sọ ọ́ tó bá di alẹ́.” Ó wá yíjú sí mi, jẹ́jẹ́. “Mo ń retí ẹ láti ọjọ́ náà.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, Adúmáadán. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé, àmọ́ èmi tí mo ṣu ú náà ò gbàgbé lọ́jọ́ kan. Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ kọjá ni.

Mo rò pé ó ti parí níbẹ̀. Bàbá mi ń sọ bí òun ṣe máa tún ọ̀rọ̀ sọ nípàdé. Bàbá ẹ ń dúpẹ́. Ó wá bi mí, bí ẹni bi èèyàn léèrè oúnjẹ, “O máa ń gbúròó ọ̀rẹ́ ẹ? Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò gbé ìpè mi. Mo ní bóyá iṣẹ́ ló wọ̀ wọ́n lọ́rùn.”

Kò mọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé mo kọ̀wé sí ẹ. Mo lè dákẹ́. Mo fẹ́ dákẹ́, mi ò ní purọ́. Mo ti dákẹ́ níwájú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì mọ bó ṣe ń rí. Mo sọ ọ́ fún un, gbogbo ẹ̀, títí dé ibi tí mo ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Bàbá ẹ jókòó lórí àga ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun kan tó wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá. Nígbà mìíràn ì bá pa wá lẹ́rìn-ín. Gbogbo bí bàbá mi ṣe bú u, kò jókòó. Ó ní, “Ó gbà á gbọ́?”

Mo ní, “Èmi ló gbà gbọ́, sà, nítorí mi ò purọ́ fún un rí.”

 Bàbá mi ní òun máa pè ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bàbá ẹ ní rárá. Ó ní àwọn onílé lè ro ohun tó bá wù wọ́n, iṣẹ́ mìíràn á dé, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni òun bí. Ó ní kí n kọ̀wé sí ẹ. “Bébà lo fi bà á jẹ́. Bébà ni kó o fi tún un ṣe, kó lè máa rí i kà nígbà tí inú bá tún ń bí i.”

Ọjọ́bọ̀ yìí ni ìpàdé. Bàbá mi jẹ́wọ́ àṣìṣe ẹ̀, ó ní kí èmi náà dìde. Mo sọ ọ́ níwájú wọn. Onílé alájà méjì kédàárò, ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹyin lohùn. Ilé ìwẹ̀ mẹ́jọ yẹn ti lọ, mi ò lè dá a padà. Mi ò sì lè bẹ̀ ẹ́ pé kó o dárí jì mí kíákíá. Tó o bá fẹ́ bínú ọdún kan, bínú ọdún kan. Mo kàn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó o darí ẹ̀ sí ibi tó yẹ kó lọ. Ẹni tó kọ lẹ́tà ni kó o bínú sí, má bínú sí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ mọ́.

Màmá mi ní kí n kí ẹ. Màmá Àgbà ní kí n sọ fún ẹ pé òun ti bẹ bàbá ẹ, òun sì ti wọ bùbá náà padà, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti rán an, òun ń júwe ọ̀dọ̀ ẹ fún un. Bàbá mi ní kí n kí ẹ, ó ní kó o má bínú. Bá mi kí ọ̀gá yín, kí o bá mi kí ẹni tó ń hanrun.

Ohun kan ló kù, bàbá ẹ ò sì rán mi sí ẹ. Láràárọ̀ ni mò ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjá tí mo bá ń gbé búrẹ́dì lọ fún àwọn oníbàárà màmá mi. Lánàá, fóònù ẹ̀ dún, gírísì wà lọ́wọ́ ẹ̀ títí dé ìgúnwọ́. Kò sáré gbé e. Ó lọ sídìí omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó nù ún gbẹ, ó tún kọ́là ẹ̀wù ẹ̀ ṣe, bí ẹni pé ẹni tó ń pè é lè rí i. Nígbà tó fi máa dé ibẹ̀, ó ti dákẹ́. Ó wo ojú fóònù náà, oníbàárà kan ni. Ó gbé e sílẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀.

Nítorí náà, tó o bá pè é, jẹ́ kó dún pẹ́.

                                                            Èmi tí mo jẹ́ tìẹ, bó o bá ṣì ń fẹ́ mi,

                                                            Akọ̀wé